Ọmọ Tó Ń Kọ́ Iṣẹ́ Ìròyìn Ń Wá Àyè Lọ́dọ̀ Wa

Ọ̀rọ̀ kan wá síwájú ìgbìmọ̀ lóṣù tó kọjá tí kò tíì tán, òun la sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ kó tó di ọjọ́ ìpàdé gbogbogbò.

Ọmọbìnrin kan, ọmọ ọ̀kan nínú àwa tí a jọ ń dáwó níbí, ń kọ́ iṣẹ́ ìròyìn ní politẹ́kínííkì. Ó kọ lẹ́tà pé kí a gba òun fún oṣù mẹ́rin, kí òun máa bá wa kọ ìwé ìròyìn yìí, kí òun sì máa fi iye tí gàrí àti ẹ̀gúsí ń lọ lọ́jà ránṣẹ́ sórí fóònù yín. Kò bèèrè owó oṣù. Owó mọ́tò àti oúnjẹ ọ̀sán ló ń fẹ́.

Ẹni tó bá lọ́mọ nílé-ẹ̀kọ́ gíga mọ ohun tí wọ́n ń pè ní I.T. Ọdún 1971 ni ìjọba àpapọ̀ dá àjọ ITF sílẹ̀. Nígbà tó di 1973, àjọ náà bẹ̀rẹ̀ ètò SIWES, nítorí àwọn oníléeṣẹ́ ń ráhùn pé àwọn ọmọ ń jáde nílé-ìwé, wọ́n mọ̀wé, wọn ò mọṣẹ́. Oṣù mẹ́rin ni ọmọ politẹ́kínííkì máa ń lò, ti yunifásítì a tó oṣù mẹ́fà. Ó ní ìwé kan, logbook, tó ń kọ iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ sí, ọ̀gá ibi iṣẹ́ yóò fọwọ́ sí i, olùkọ́ rẹ̀ náà yóò wá wò ó. Máàkì wà níbẹ̀, ẹni tí kò ríbi lọ ti wọ gbèsè.

Ọmọ yìí ti kọ́kọ́ lọ sí ilé rédíò kan ní ìlú ńlá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, oúnjẹ ló ń rà fún àwọn ọ̀gá. Ó ṣí logbook rẹ̀ fún wa. Ohun tó kọ sí ọjọ́ kan níbẹ̀ ni pé òun ra ìrẹsì àti omi tútù. A kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín o. Nígbà tó yá, ẹ̀rín náà ò dùn mọ́.

Ìgbìmọ̀ pín sí méjì. Baba akápò ní, "Ìwé owó wa ńkọ́? Ọmọdé tó bá rí iye tí lágbájá jẹ, ṣé kò ní sọ fún ìyá rẹ̀?" Ọ̀rọ̀ gidi ni, Tápà ò tóbi. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn ìyá alágàrí dìde, ó rán wa létí ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, nígbà tí àwọn oníbàárà kó ọkọ̀ wá, tí a tà ní iye tí wọ́n pè. Ẹ̀yìn tí ọkọ̀ ti lọ tán la gbọ́ pé ó ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa l'Áyétẹ̀. Ta ni ì bá sọ fún wa? Àwa akọ̀wé, tí ìwé yìí ń jáde lẹ́ẹ̀kan lóṣù!

Lójú tiwa, kí a gbà á. Irú èyí kì í ṣe tuntun n'Íbàràpá. Láti 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń rán àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ dókítà wá sí Igbó-Ọrà, kí wọ́n gbé láàárín ará ìlú, kí wọ́n wọlé tọ aláìsàn. Bí ìlú lè gba ẹni tó ń kọ́ abẹ́rẹ́, àbí ẹni tó ń kọ́ gègé ló máa pa wá?

Àmọ́ kó má fọwọ́ kan lẹ́jà, inú àpótí ni yóò wà. Kò gbọdọ̀ ya fọ́tò ẹnikẹ́ni láìgbàṣẹ. Ohun tó bá kọ, alága àti akọ̀wé yóò kà á kó tó jáde. Kó sì máa fi àmì sórí Yorùbá rẹ̀, torí lẹ́tà tó kọ sí wa, ẹ̀ẹ̀mejì la kà á kó tó yé wa. Ní tiwa, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ rán an ní oúnjẹ.

Ọjọ́ ìpàdé la ó dìbò. Ẹni tí kò bá ní lè wá, kó sọ tẹnu rẹ̀ fún aṣojú àdúgbò rẹ̀. Fọ́ọ̀mù ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ náà ṣì wà lórí tábìlì wa, a ò tíì fọwọ́ sí i.