Kíka iye tó wà nílẹ̀ nínú dátà pẹ̀lú èdè R

Kíka iye tó wà nílẹ̀ ni ìṣirò tí a fi ń mọ iye àkọsílẹ̀ tí ó ní èsì gidi nínú dátà, yàtọ̀ sí àwọn àyè tí ó ṣófo. Nínú R, èdè ìṣètò kọ̀ǹpútà tí Ross Ihaka àti Robert Gentleman dá sílẹ̀ ní Yunifásítì Auckland ní New Zealand, NA ni àmì àyè tí ó ṣófo.

Àyè tí ó ṣófo kì í ṣe òdo. Ní agbègbè Lekki sí Àjáh, níbi tí Thomas Estate wà ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ilẹ̀ lọ sílẹ̀, àgbàrá òjò sì máa ń dà wọ́n láàmú. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì níbẹ̀. Ká ní ẹnìkan fi òṣùwọ̀n wọn òjò níbẹ̀ fún ọjọ́ méje, ní mìlímítà:

ojo <- c(12, NA, 0, 35, NA, 8, 0)

Òdo méjèèjì túmọ̀ sí pé òjò kò rọ̀. NA méjèèjì túmọ̀ sí pé ẹnikẹ́ni kò wọ̀n ọ́n. Ó sì lè jẹ́ pé ọjọ́ tí òjò pọ̀ jù lọ gan-an ni kò sí ẹni tí ó lè jáde lọ wo òṣùwọ̀n.

Àṣẹ length(ojo) yóò mú 7 wá, nítorí àyè ni ó ń kà. Èyí tí ó tọ́ ni:

sum(!is.na(ojo))

Èsì rẹ̀ ni 5. is.na ń yẹ àyè kọ̀ọ̀kan wò bóyá ó ṣófo, ó sì ń dáhùn pẹ̀lú TRUE tàbí FALSE; àmì ! yí ìdáhùn náà padà. Sum wá ka TRUE kọ̀ọ̀kan sí 1. Kíkọ ojo == NA kò wúlò, torí a kò lè fi ohun tí a kò mọ̀ wé ohunkóhun: NA ni R yóò dá padà fún ọjọ́ méjèèje.

Àpapọ̀ òjò náà jẹ́ 55. Bí a bá pín in sí 5, ó jẹ́ 11 lójúmọ́. Bí a bá pín in sí 7, kò ní pé 8, a ó sì ti sọ ọjọ́ méjì tí a kò wọ̀n di ọjọ́ ọ̀gbẹlẹ̀.

Fún tábìlì, colSums(!is.na(airquality)) ń ka òpó kọ̀ọ̀kan. Airquality, dátà afẹ́fẹ́ New York ọdún 1973 tí ó wà nínú R, ní ìlà 153, ṣùgbọ́n 116 péré ni Ozone ní. Ìlà tí ó pé pátápátá, tí sum(complete.cases(airquality)) ń kà, jẹ́ 111.

is.na kò mọ òfo tí a fi nọ́mbà bò. Nínú dátà ìwádìí ìlera DHS, tí wọ́n ti ṣe ní Nàìjíríà pẹ̀lú, 9998 ni a fi ń sàmì sí gíga ọmọdé tí kò bá ọjọ́ orí rẹ̀ mu lọ́nà tí ó ṣeé gbà gbọ́. A ní láti sọ ọ́ di NA kí a tó kà á.