Ṣé o mọ̀? Bí ìbọn bá ti wọ ọ̀ràn, ìdájọ́ yí padà

Ọ̀ràn kan náà lè gba ọ̀nà méjì jáde nílé ẹjọ́. Bí kò bá sí ìbọn níbẹ̀, ẹ̀wọ̀n ni. Bí ìbọn bá wà níbẹ̀, ẹ̀wọ̀n náà lè di ìlọ́po mélòó kan, ó sì lè di ikú. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń bá oníbọn rìn ni kò mọ èyí títí ọwọ́ òfin á fi tẹ̀ wọ́n. Ohun tó yẹ kí wọ́n ti gbọ́ ṣáájú nìyí.

Ṣé o mọ̀ pé ní Nàìjíríà, ohun tó wà lọ́wọ́ olè lè pinnu bóyá yóò kú tàbí yóò yè? Lọ́dún 1970, ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, ìbọn sì wà káàkiri ìgboro. Ìgbà náà ni ìjọba ológun gbé òfin ìdigunjalè àti ìbọn jáde. Òfin náà ní ẹni tó bá fipá gba ohun olóhun kò gbọdọ̀ gba ẹ̀wọ̀n tó dín ní ọdún 21. Ṣùgbọ́n bó bá mú ìbọn tàbí ohun ìjà mìíràn dání, tàbí tó bá ṣe olóhun léṣe, ikú ni. Wọ́n lè yẹgi fún un, wọ́n sì lè yìnbọn pa á, bí gómìnà bá ṣe pàṣẹ. Lábẹ́ òfin yìí ni wọ́n ṣe yìnbọn pa Ìṣọ̀lá Oyènúsì àtàwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ ní Bar Beach l'Ékòó lọ́jọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1971, níṣojú ogunlọ́gọ̀ èèyàn.

Ṣé o mọ̀ pé ìbọn tí kò sí lọ́wọ́ rẹ lè gbé ọ dé ìdí igi? Òfin kò ní dandan ni kí gbogbo àwọn tó jọ jalè mú ìbọn dání. Bí èèyàn mẹ́rin bá jọ digun jalè, tó jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló gbé ìbọn, ìdájọ́ kan náà ló ń dúró de àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àwọn àgbà ní ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀. Lójú òfin yìí, ẹni tó wọlé yọ ìbọn àti ẹni tó bá a rìn, ọgbọọgba ni wọ́n.

Ṣé o mọ̀ pé ìbọn tí wọ́n tú palẹ̀ ṣì jẹ́ ìbọn? Òfin ka ṣakabùlà, ìbọn ìléwọ́ àti ọta ìbọn mọ́ ohun tó ń pè ní ìbọn, ìbáà jẹ́ odidi, ìbáà jẹ́ ẹ̀yà tí wọ́n tú sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ohun ìjà yòókù tún gbòòrò ju bẹ́ẹ̀ lọ: àdá, idà, ọ̀kọ̀, ọfà, kùmọ̀, títí dórí igi, irin, ìgò àti òkúta tó bá ṣeé fi ṣe èèyàn léṣe. Ẹni tó kàn ní ìbọn láìgbàṣẹ, tí kò tiẹ̀ fi jalè, lè san owó ìtanràn ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà, tàbí kó fi aṣọ péńpé roko ọba fún ọdún 10 ó kéré tán, tàbí kó fara gba méjèèjì. Lónìí, owó ìtanràn yẹn kò ra àpò ìrẹsì kan. Ọdún mẹ́wàá sì rèé, kò dín kù.

Ṣé o mọ̀ pé ìbọn tí kò ní ọta nínú kò gba ẹni tó yọ ọ́ là? Ọkùnrin kan yọ ìbọn òfìfo láti fi ja báńkì lólè ní ìlú Baltimore, ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ lọ́dún 1986, àwọn adájọ́ ní ohun ìjà tó léwu ni, torí pé bí ẹ̀rù bá ti ba èèyàn, nǹkan burúkú lè ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Àwọn baba wa ti sọ ọ́ tipẹ́: ìbọn ní apátí, ìbọn ò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí wọ́n dojú rẹ̀ kọ òun?

Ṣé o mọ̀ pé òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ní ẹ̀wọ̀n ọ̀tọ̀ fún ìbọn? Bí ìbọn bá wà nínú ìwà ipá tàbí òwò egbòogi olóró, ọdún 5 ni, ó kéré tán. Bí ẹni náà bá yọ ọ́ sí èèyàn, ó di 7. Bó bá dún, ó di 10. Bó bá jẹ́ èyí tó ń yọ ọta léraléra bí ti ológun, ó di 30. Ẹ̀wọ̀n yìí kì í bá ẹ̀wọ̀n ọ̀ràn gan-an rìn pọ̀. Ìgbà tí ọ̀kan bá parí ni èkejì ń bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 2009, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ sọ pé bí ìbọn tilẹ̀ ṣèèṣì dún lọ́wọ́ olè, tí kò ba ẹnikẹ́ni, ọdún 10 náà dúró.

Ṣé o mọ̀ pé títa igbó lẹ́ẹ̀mẹ́ta sọ ọ̀dọ́mọkùnrin kan di ẹlẹ́wọ̀n ọdún 55? Weldon Angelos, tó ń bá àwọn olórin ṣiṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ Utah, ta igbó fún ẹni tó ń bá ọlọ́pàá ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀. Kò yọ ìbọn sí ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó rajà sọ pé òun rí ìbọn lára rẹ̀, wọ́n sì tún bá ìbọn nílé rẹ̀. Òfin ìgbà náà ní ọdún 5 fún ẹ̀ṣẹ̀ ìbọn àkọ́kọ́ àti ọdún 25 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan èyí tó tẹ̀ lé e, ì báà jẹ́ inú ẹjọ́ kan ṣoṣo ni gbogbo wọn wà. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2004, adájọ́ Paul Cassell ka ọdún 55 náà sí i lórí, ó sì sọ ní gbangba pé ìdájọ́ tí òfin fipá mú òun dá yìí kò bá òdodo mu. Lọ́jọ́ yẹn kan náà, ó rán ẹni tó fi ìtì igi lu ìyá àgbàlagbà kan pa lọ sẹ́wọ̀n ọdún 22. Ọdún 2016 ni Angelos jáde. Nígbà tó di oṣù Kejìlá ọdún 2018, wọ́n tún òfin náà ṣe: ọdún 25 di ti ẹni tí wọ́n ti dá lẹ́bi ìbọn nínú ẹjọ́ kan tẹ́lẹ̀, tó tún padà sídìí rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ní England àti Wales, ohun tí apààyàn fi pààyàn ń yí ọdún rẹ̀ padà? Ẹ̀wọ̀n gbére ni gbogbo àgbàlagbà tó bá mọ̀ọ́mọ̀ pààyàn ń gbà. Ibi tí adájọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀ ìṣirò ọdún tó gbọ́dọ̀ lò kó tó lè bẹ̀bẹ̀ fún ìtúsílẹ̀ ló yàtọ̀: ọdún 30 fún ìbọn, 25 fún ọ̀bẹ tó mú wá síbẹ̀, 15 fún ọ̀pọ̀ ìpànìyàn yòókù. Níní ìbọn ìléwọ́ lásán, ọdún 5 ni fún àgbàlagbà, àfi bí ọ̀rọ̀ náà bá ṣàrà ọ̀tọ̀. Ẹ̀yin òbí tọ́mọ yín wà ní Peckham, ní London, ẹ kìlọ̀ fún un nípa ọ̀rẹ́ tó máa ń ní, "Bá mi tọ́jú àpò yìí." Ìbọn lè wà nínú rẹ̀.

Ṣé o mọ irú èèyàn tó ń gbé ìbọn dé ẹ̀wọ̀n? Ìwádìí tí ìjọba Amẹ́ríkà ṣe láàárín àwọn ẹlẹ́wọ̀n lọ́dún 2016 fi hàn pé bí ẹnì kan nínú márùn-ún ló ní ìbọn lọ́wọ́ nígbà tó dá ọ̀ràn. Nínú wọn, ìdá 43 nínú ọgọ́rùn-ún rí i rà ní ìgboro, lọ́jà tó fara sin. Bí ìdá 25 gbà á lọ́wọ́ ẹbí tàbí ọ̀rẹ́, tàbí kí wọ́n fi ta wọ́n lọ́rẹ. Lọ́dún 2016 yẹn kan náà, ó lé ní ìdajì àwọn tó fara gba ẹ̀wọ̀n ìbọn ọ̀tọ̀ tí mo sọ lókè ló jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Ìwádìí mìíràn tọ ipasẹ̀ àwọn tó jáde lẹ́wọ̀n ìjọba àpapọ̀ lọ́dún 2005 fún ọdún mẹ́jọ: ìdá 68 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọlọ́ràn ìbọn ni ọlọ́pàá tún mú, nígbà tó jẹ́ pé ìdá 46 ni láàárín àwọn yòókù. Ẹ̀wọ̀n gígùn nìkan kò wo àrùn yìí sàn.

Ṣé o mọ̀ pé ọmọ ọdún 17 ni wọ́n ní ọ̀dọ́mọkùnrin kan jẹ́ nígbà tí wọ́n mú un ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lọ́dún 2010? Ẹ̀sùn ìdigunjalè ni. Ìbọn onígi àti idà ni wọ́n ní òun àti ẹnì kejì rẹ̀ gbé lọ. Adìyẹ àti ẹyin wà lára ohun tí wọ́n ní wọ́n jí. Ilé ẹjọ́ dájọ́ ikú fún un lọ́dún 2014, bẹ́ẹ̀ Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 kà á léèwọ̀ láti dájọ́ ikú fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 18. Oṣù Kejìlá ọdún 2024 ni Gómìnà Ademola Adeleke ṣàánú rẹ̀.

Ìbọn yẹ ní ohun tí òfin ń fi ọwọ́ líle mú, torí pé ọta tó bá ti jáde kò ṣeé pè padà. Ṣùgbọ́n òfin tó de adájọ́ lọ́wọ́, tí kò jẹ́ kó wo ọjọ́ orí ẹni tó wà níwájú rẹ̀ àti ohun tó ṣe gan-an, kò yẹ kó dúró bẹ́ẹ̀. Kò yẹ kó jẹ́ àánú gómìnà nìkan ni yóò máa tún irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ ṣe. Ẹ̀yin aṣòfin wa, iṣẹ́ yín nìyẹn. Ìwọ tó jẹ́ ọ̀dọ́, má dúró dè wọ́n. Níbi tí o bá ti rí ọ̀rẹ́ tó yọ ìbọn, ọjọ́ yẹn ni kí ìrìn ìwọ àtirẹ̀ dópin.