Bí Òfin Èéfín Ṣe Sọ Ààrò Ìlú Ọba Di Sítóòfù Onígíláàsì

Ẹni tó bá lọ wo ilé tó fẹ́ rà ní Yorkshire tàbí ní ìgbèríko Wales, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ iwájú àpótí irin dúdú kan nínú pálọ̀ ni ajẹ́ńtì yóò kọ́kọ́ mú un lọ. Àpótí náà ní ẹsẹ̀ kúkúrú mẹ́rin àti ilẹ̀kùn gíláàsì. Ó jókòó sínú ihò tí ààrò àtijọ́ wà lára ògiri, páìpù tó nípọn sì ti orí rẹ̀ wọ ọ̀nà èéfín lọ sókè òrùlé. Ajẹ́ńtì á ní igi ni o, èédú ni o, kò sí èyí tí sítóòfù yìí kì í jẹ. Ohun tí kò ní sọ ni ìdí tí ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé fi jẹ́ méjì, ọ̀kan nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn, ọ̀kan lókè gíláàsì. Kò ní sọ ohun tí ọ̀pá irin tó yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wà fún. Bí ẹ bá sì fọwọ́ ti ìdérí afẹ́fẹ́ òkè yẹn wò lára ọ̀pọ̀ sítóòfù tí wọ́n ń tà fún àwọn ará ìlú ńlá, ẹ ó rí i pé kì í pa dé tán. Bó ti wù kí ẹ tì í tó, àlàfo díẹ̀ á ṣẹ́ kù.

Àlàfo yẹn kì í ṣe àléébù iṣẹ́ ọwọ́. Òfin èéfín ló dá a síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ló sì lọ sí i kí òfin náà tó jáde.

Ọ̀rọ̀ èéfín èédú ní Lọ́ńdọ̀nù kì í ṣe tòní. Ní 1306, Ọba Edward Kìíní pàṣẹ pé kí wọ́n má ṣe jó èédú tí ọkọ̀ òkun ń kó wá láti àríwá mọ́ nínú ìlú náà. Wọn ò gbọ́. Igi ìdáná ń wọ́n sí i, èédú ń pọ̀ sí i, òtútù ò sì mọ ọba. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń jó o lọ fún ohun tó lé ní 600 ọdún, nínú ààrò tó ṣí sílẹ̀ gbayawu lára ògiri. Ààrò yẹn dùn ún wò, àmọ́ olè ni. Bí ooru inú rẹ̀ bá jẹ́ mẹ́wàá, bíi méje tàbí mẹ́jọ ń bá èéfín gba òkè lọ. Iwájú ẹni á máa gbóná, ẹ̀yìn á máa gbọ̀n.

Àwọn ọlọ́gbọ́n ti rí i tipẹ́. Benjamin Franklin ṣe ààrò onírin tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà láàárín ọdún 1740 sí 1750, Count Rumford sì tún ọ̀nà èéfín ààrò ṣe ní ìparí ọ̀rúndún yẹn kí ooru lè máa ta sínú yàrá. Ní Norway àti Denmark, níbi tí òtútù kì í ti í ṣe eré, àpótí irin onílẹ̀kùn ni wọ́n gbára lé. Jøtul àti Morsø, ilé iṣẹ́ méjì tí orúkọ wọn ṣì wà lára sítóòfù títí dòní, ọdún 1853 ni àwọn méjèèjì kà sí ọdún ìbẹ̀rẹ̀ wọn. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní tiwọn fẹ́ràn àtimáa wo iná. Wọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa ilẹ̀kùn dé e.

Ọjọ́ 5 oṣù Kejìlá ọdún 1952 ni ọ̀ràn bọ́ sórí wọn. Òtútù mú gan-an lọ́sẹ̀ náà, ilé gbogbo ń kó èédú síná. Afẹ́fẹ́ tó móoru dúró lókè, ó há afẹ́fẹ́ tútù mọ́ ilẹ̀, atẹ́gùn ò sì fẹ́ rárá. Èéfín tó ń jáde láti orí òrùlé àti láti ilé iṣẹ́ mànàmáná ò ríbi lọ, ó bá kùrukùru pò, imí ọjọ́ inú rẹ̀ sì ń ta àwọn èèyàn lọ́fun. Fún ọjọ́ márùn-ún, àwọn kan ò rí ẹsẹ̀ ara wọn. Kọ̀ńdọ́kítọ̀ ń fi tọ́ọ̀ṣì rìn níwájú bọ́ọ̀sì, títí bọ́ọ̀sì náà fi jókòó sílé. Ní gbọ̀ngàn Sadler's Wells, wọ́n dá eré La Traviata dúró láàárín méjì, torí èéfín ti wọlé débi pé àwọn òǹwòran ò rí orí ìtàgé mọ́. Nígbà tí atẹ́gùn fi fẹ́ ẹ kúrò lọ́jọ́ 9, pósí ti ń wọ́n lọ́wọ́ àwọn tó ń sìnkú. Iye tí wọ́n kọ́kọ́ kà ni 4,000. Àwọn olùwádìí tó tún un ṣírò lẹ́yìn ọdún pípẹ́ sọ pé ó tó nǹkan bíi 12,000.

Ohun kan wà nínú ìtàn yìí tí mi ò lè fojú fò dá. Ogun Àgbáyé Kejì ti parí ní 1945, síbẹ̀ ìwọ̀n ni ìjọba ṣì fi ń pín èédú fún aráàlú, torí pé ojúlówó rẹ̀ ni wọ́n ń kó lọ tà sókè òkun kí owó lè wọlé. Èyí tó jẹ́ wẹ́wẹ́, tó kún fún eruku, ni wọ́n yọ kúrò lábẹ́ ìwọ̀n ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá yẹn gan-an, wọ́n ní kí kálukú rà á bó bá ṣe lè rà á tó. Òun náà ló sì ń rú èéfín jù. Nígbà tí àwọn èèyàn ṣì ń kú lẹ́yìn tí kùrukùru ti lọ, ìjọba ní àrùn ọ̀fìnkìn líle ló ń pa wọ́n.

Wàhálà aráàlú àti ti àwọn aṣòfin ló jẹ́ kí wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀. Sir Hugh Beaver ló darí rẹ̀, ọ̀gá ilé iṣẹ́ ọtí Guinness nígbà náà, ẹni kan náà tó dá àbá ìwé Guinness tí gbogbo ayé fi ń yanjú iyàn. Ìròyìn wọn jáde ní 1954. Gerald Nabarro, aṣòfin kan tí ẹnu rẹ̀ kì í gbẹ, gbé àbádòfin tirẹ̀ wá sílé, ìyẹn ló sì ti ìjọba débi tí wọ́n fi gbé tiwọn náà jáde. Bí òfin afẹ́fẹ́ mímọ́ ṣe dé ní 1956 nìyẹn.

Òfin náà fún kánsù lágbára láti ya àdúgbò sọ́tọ̀ pé èéfín ò gbọdọ̀ jáde lórí òrùlé ibẹ̀. Ẹni tó bá ń gbé níbẹ̀, ọ̀nà méjì ló ṣẹ́ kù fún un: kó jó ohun tí kò léèéfín, tàbí kó ra ohun èlò tí ìjọba ti dán wò, tó lè jó ohun eléèéfín kí èéfín rẹ̀ má jáde. Ìjọba àti kánsù jọ san èyí tó pọ̀ jù nínú owó àtitún ààrò ṣe. Nínú ọ̀nà méjì yìí ni sítóòfù tí à ń sọ ti jáde.

Èédú tí kò léèéfín ti wà nílẹ̀ kí òfin tó dé. Ní 1904 ni Thomas Parker, onímọ̀ ẹ̀rọ kan tó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe ọkọ̀ oníbátìrì, hùmọ̀ èyí tó pè ní Coalite. Ó yan èédú nínú ohun tí afẹ́fẹ́ ò lè wọ̀, títí ọ̀dà àti gáàsì inú rẹ̀ fi jáde. Ohun tó ṣẹ́ kù ń jó láìrú èéfín. Anthracite tí wọ́n ń wà ní gúúsù Wales kò tilẹ̀ nílò yíyan, torí gáàsì inú rẹ̀ kéré láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ó le. Nínú ààrò gbayawu, kì í fẹ́ ràn. Ó fẹ́ ibi tí wọ́n pa dé, tí afẹ́fẹ́ ti ń gba abẹ́ rẹ̀ wọlé.

Ibi tí ọgbọ́n sítóòfù náà wà nìyẹn. Ẹ wo alágbẹ̀dẹ nídìí ẹwìrì rẹ̀: ìsàlẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti ń wọ inú èédú, tó fi ń pọ́n tó lè yọ́ irin. Èédú inú ilẹ̀ náà rí bẹ́ẹ̀. Igi yàtọ̀. Bí iná bá mú igi, omi inú rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń jáde, lẹ́yìn náà ni gáàsì. Ó lé ní ìdajì agbára igi tó wà nínú gáàsì yẹn, ọwọ́ iná tí ẹ ń rí tó ń jó lókè igi, gáàsì ló ń jó bẹ́ẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ tó gbóná bá pàdé gáàsì náà lókè, á jó di ooru. Bí kò bá rí afẹ́fẹ́, tàbí tí sítóòfù ò gbóná tó, á bá ọ̀nà èéfín lọ ní àìjó, á tutù lójú ọ̀nà, á di ọ̀dà dúdú tó lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀. Lọ́jọ́ tí iná bá ràn mọ́ ọ̀dà yẹn, àwọn panápaná ni yóò bá yín dá sí i.

Ìdí tí ibi ìwọlé afẹ́fẹ́ fi jẹ́ méjì rèé. Ti ìsàlẹ̀ wà fún èédú, ti òkè wà fún igi. Afẹ́fẹ́ òkè ń gba ẹ̀yìn gíláàsì sọ̀ kalẹ̀, ó ń gbóná bó ti ń bọ̀, ó sì ń lé èéfín kúrò lára gíláàsì kó má dúdú. Àsẹ́ irin tó gbé iná dúró kúrò nílẹ̀ wà nítorí èédú, ọ̀pá tó yọ síta ni wọ́n fi ń mi àsẹ́ náà kí eérú lè já sínú àwo tó wà nísàlẹ̀. Igi kò fẹ́ kí ẹ kó eérú rẹ̀ tán. Ó fẹ́ àtẹ́ eérú díẹ̀ lábẹ́. Ẹni tó ń jó èédú tó wá jẹ́ kí eérú ga títí tó fi kan abẹ́ àsẹ́, irin ni yóò rà láìpẹ́, torí afẹ́fẹ́ tó ń kọjá lábẹ́ rẹ̀ ló ń mú un tutù; bí kò bá sí, irin náà á tẹ̀.

Àlàfo tí kì í pa dé tán ńkọ́? Nínú àdúgbò tí òfin èéfín ti ń ṣiṣẹ́, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ jó igi àyàfi nínú sítóòfù tó yege ìdánwò. Ohun tó sábà ń mú igi rú èéfín ni kí onílé pa afẹ́fẹ́ mọ́ ọn kó lè pẹ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Nítorí náà ni àwọn tó ń ṣe sítóòfù fi dá ìdérí òkè dúró kó tó pa dé. Aṣòfin ò sí nínú pálọ̀ yín, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ wà lára irin yẹn.

Ọ̀pọ̀ àwa Yorùbá ò bá ààrò wọ̀nyí pàdé rárá. Wọlé Ṣóyínká dé Yunifásítì Leeds ní 1954, òfin kò tíì jáde nígbà náà, ìlú èédú ló bá. Àmọ́ àwọn tó dé Lọ́ńdọ̀nù lẹ́yìn ìgbà náà, tí wọ́n ń gba yàrá kan ṣoṣo, hítà oníkẹrosíìnì ni wọ́n mọ̀. Ó rọrùn láti gbé, kò sì bèèrè ọ̀nà èéfín. Ó tún ń da omi sílé, torí kẹrosíìnì lítà kan tó bá jó tán ń mú nǹkan bíi lítà omi kan jáde sínú afẹ́fẹ́ yàrá. Ògiri tó ń hu èbù tí àwọn àgbà ń ròyìn títí dòní, omi yẹn wà nídìí rẹ̀. Iná hítà yìí sì jó ilé mọ́ àwọn èèyàn lórí.

Gáàsì ló wá gba ọjà lọ́wọ́ gbogbo wọn. Wọ́n rí i lábẹ́ Òkun Àríwá ní 1965, láàárín 1967 sí 1977 wọ́n sì yí ohun èlò gáàsì inú ilé káàkiri orílẹ̀-èdè padà kó lè máa lò ó. Onílé dí ihò ààrò, ó kun ún ní ọ̀dà. Ọ̀wọ́n epo ọdún 1973 ló tún mú àwọn kan rántí pé ọ̀nà èéfín wà nínú ògiri wọn, sítóòfù onírin sì padà wálé. Lẹ́yìn tí Rọ́ṣíà gbógun wọ Ukraine ní 2022, tí owó gáàsì fò sókè, ọ̀pọ̀ tún sáré tọ̀ ọ́ lọ.

Lójú tèmi, kì í ṣe gbogbo wọn ló jèrè. Ẹni tó ní igbó tàbí tó mọ ẹni tó ní in ń rí ooru rà ní ọ̀pọ́. Ẹni tó bá ń ra igi nínú àpò kékeré nílé epo, ó lè ná ju owó gáàsì lọ. Òfin sì ti tún le sí i. Ní Dublin, oṣù Kẹsàn-án ọdún 1990 ni wọ́n ti fòfin de títa èédú eléèéfín. Ní England, láti oṣù Karùn-ún ọdún 2021 ni igi tútù tó bá kéré sí kúbíìkì mítà méjì kò ti ṣeé tà fún ìdáná ilé bí ti gbígbẹ, nígbà tó sì di oṣù Karùn-ún ọdún 2023, èédú eléèéfín kúrò nínú ohun tí wọ́n lè tà fún ilé gbígbé. Sítóòfù tuntun tí wọ́n ń ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022 náà ní ìwọ̀n èéfín tí kò gbọdọ̀ kọjá. Èrò àwọn oníṣègùn ló wà lẹ́yìn gbogbo èyí: eruku wẹ́wẹ́ tó ń jáde láti inú ìdáná ilé kéré débi pé ó ń wọ ẹ̀dọ̀fóró, ó ń bá ẹ̀jẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń rò ó láti ra sítóòfù yìí, ẹ má ṣe ra èyí tó tóbi ju yàrá lọ. Ìṣírò tí àwọn tó ń tà á ń lò ni pé kílówáàtì kan tó fún kúbíìkì mítà 14. Yàrá tó gùn ní mítà 5, tó fẹ̀ ní mítà 5, tó ga ní mítà 2.4 jẹ́ kúbíìkì mítà 60. Kílówáàtì mẹ́rin àti díẹ̀ tó o. Ẹni tó bá ra ti mẹ́jọ, ooru á lé e jáde, á bẹ̀rẹ̀ sí í pa afẹ́fẹ́ mọ́ iná, ọ̀dà á sì bẹ̀rẹ̀. Igi tí omi inú rẹ̀ bá kọjá 20% kò yẹ fún sítóòfù, èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé sì lè jẹ́ ìdajì omi. Ẹ jẹ́ kó gbẹ fún ọdún kan tàbí méjì. Ẹ má sì pa igi pọ̀ mọ́ èédú nínú iná kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé méjèèjì ló ń jẹ: omi inú igi á bá imí ọjọ́ inú èédú di ásíìdì, á máa jẹ páìpù yín.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni gáàsì carbon monoxide, tí kò ní òórùn, tí kò ní àwọ̀. Òun kan náà ló ń pa ìdílé tó bá tan jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ sùn ní Èkó tàbí ní Ìbàdàn. Láti oṣù Kẹwàá ọdún 2010 ni òfin ti ní kí aláàmù rẹ̀ wà níbikíbi tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sítóòfù onígi tàbí eléèédú sí ní England, láti 2015 ni onílé sì ti gbọdọ̀ fi í sí yàrá ayálégbé tó ní irú sítóòfù bẹ́ẹ̀. Bí ayálégbé ni yín, tí aláàmù kò sí, ẹ̀tọ́ yín ni kí ẹ bèèrè rẹ̀. Bí ilé ti yín ni, ẹ pe agbálẹ̀ ọ̀nà èéfín ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún kí òtútù tó dé, kí ẹ sì tẹ bọ́tìnnì aláàmù yín wò lálẹ́ òní bóyá ó ṣì ń ké.