Kí Ni Ẹ Ń Gbọ́ Lọ́wọ́? Ọ̀rọ̀ Lórí Orin Inú Fíìmù àti Àwọn Tó Fẹ́ràn Rẹ̀

Àwọn ènìyàn kan wà tí wọn kì í dìde bí fíìmù bá parí. Bí àwọn tó kù bá ti ń wá bàtà wọn, àwọn wọ̀nyí yóò ṣì jókòó, wọn yóò máa wo orúkọ tó ń gòkè lójú àwòrán, nítorí pé orúkọ ẹnì kan ni wọ́n ń wá: orúkọ ẹni tó ṣe orin. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́, wọn kì í bi ara wọn léèrè pé ta ló fẹ́ ta, tàbí ta ló kú nínú fíìmù náà. Ohun tí wọ́n máa ń bi ara wọn ni pé, "Kí ni ẹ ń gbọ́ lọ́wọ́ báyìí?"

Irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n ní ìlú Ìbàdàn. Ẹ wo agbègbè Òkè-Àdó. Níbẹ̀ ni ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn Tribune wà, ní òpópónà Ìmàlefàlàáfíà. Kò jìnnà síbẹ̀ ni pápá ìṣeré Liberty tí wọ́n ṣí ní ọdún 1960, èyí tí wọ́n sọ ní orúkọ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní ọdún 2010. Ìbàdàn yìí kan náà ni ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n, oṣù kẹwàá, ọdún 1959. Ìlú tí ojú rẹ̀ là sí àwòrán tó ń rìn láti ìgbà náà, kò ní ṣaláì ní àwọn tí etí wọn là sí orin tó ń bá àwòrán rìn.

Ṣùgbọ́n kí ni a ń pè ní orin fíìmù gan-an? Ọ̀nà méjì ló pín sí. Èkíní ni orin tí a fi ẹnu kọ, tó ní ọ̀rọ̀ nínú, tí òṣèré ń kọ lójú àwòrán tàbí tí ẹlòmíràn ń kọ láti ẹ̀yìn. Èkejì ni ohùn ìlù, dùùrù, fèrè àti gòjé tó ń lọ ní abẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn òṣèré, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í tilẹ̀ mọ̀ pé àwọn ń gbọ́. Èkejì yìí ni iṣẹ́ rẹ̀ jinlẹ̀ jù. Òun ló ń sọ fún wa pé kí ẹ̀rù bà wá nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì yọ ọ̀bẹ, òun ló sì ń mú kí omi bọ́ lójú wa kí ìyá tó mọ̀ pé ọmọ òun ti kú. Bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣiyèméjì, kí ó pa ohùn fíìmù kan kí ó sì máa wo àwòrán nìkan. Yóò rí i pé ìdajì ohun tó ń bà á lẹ́rù ti lọ.

Bí a bá bi àwọn àgbàlagbà inú àwọn olólùfẹ́ orin yìí pé kí ni wọ́n ń gbọ́, ọ̀pọ̀ wọn yóò dá orúkọ ilẹ̀ òkèèrè. Nígbà tí àwọn ilé sinimá ń gbèrú ní ilẹ̀ wa, fíìmù àwọn ará Íńdíà wà lára ohun tó ń kún ibẹ̀. Kò sí ẹni tó túmọ̀ èdè wọn sí Yorùbá, síbẹ̀ àwọn ènìyàn ń kọ orin wọn délé. Fíìmù Mother India, tó jáde ní ọdún 1957, ni ọ̀pọ̀ máa ń kọ́kọ́ dárúkọ, Naushad ló sì ṣe orin rẹ̀. Ohun kan tí ọ̀pọ̀ òǹwòran ìgbà náà kò mọ̀ ni pé òṣèrébìnrin tó ń la ẹnu lójú àwòrán kọ́ ló ń kọrin. Àwọn akọrin pàtàkì wà, bíi Lata Mangeshkar tó kú ní ọdún 2022, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti yá òṣèré ní ohùn.

Àwọn mìíràn yóò dárúkọ fíìmù olóko ẹran ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn tí a ń pè ní kábọ́ọ̀yì. Ará Ítálì ni Ennio Morricone tó ṣe orin èyí tó lókìkí jù nínú wọn, The Good, the Bad and the Ugly, ní ọdún 1966. Ó lo fèrè àti ohùn ènìyàn láti fi dá ẹ̀dá inú ìtàn mọ̀ yàtọ̀ sí ara wọn. Bí ohùn kan bá ti dún, òǹwòran ti mọ ẹni tó ń bọ̀ kí ó tó yọjú. Àwa Yorùbá kò gbọdọ̀ ka èyí sí ohun tuntun. Onílù tó rí olóyè lókèèrè, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lu oríkì rẹ̀ kí ó tó dé ẹnu ọ̀nà, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe.

Láti orí ìtàgé ni orin fíìmù tiwa ti wá. Olóyè Hubert Ògúǹdé, tó bẹ̀rẹ̀ eré ní ọdún 1944, kì í ṣe eré láìsí orin ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó bọ́ sí ìdí fíìmù, orin náà bá a lọ. Àyé tó jáde ní nǹkan bí ọdún 1979, àti Jáiyésinmi tó tẹ̀lé e, kún fún orin, ọfọ̀ àti ìlù tó jẹ́ pé bí a bá yọ wọ́n kúrò, ìtàn kò ní dúró. Dúró Ládiípọ̀, ẹni tó gbé Ọba Kò So jáde ní ọdún 1963, wà nínú fíìmù Àjàní Ògún ní ọdún 1976, ọdún méjì péré kí ó tó kú. Mósè Ọláìyá náà, Bàbá Sàlá tó ṣe Ọ̀run Móoru ní ọdún 1982, olórin ni kó tó di aláwàdà. Inú ẹgbẹ́ orin rẹ̀, Federal Rhythm Dandies, ni Sunny Adé ti ṣiṣẹ́ kí ó tó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Ẹ kò rí i pé àtìgbà ìwáṣẹ̀ ni orin àti eré ti ń jẹun nínú àwo kan náà?

Èyí tí àwọn ọ̀mọ̀wé inú wọn fẹ́ràn láti máa wá kiri ni orin fíìmù Kongi's Harvest ti ọdún 1970. Láti inú eré Wọlé Ṣóyínká ni wọ́n ti yọ ọ́, òun fúnra rẹ̀ ló sì ṣe Kongi. Francis Ọládélé ló gbé e jáde, Ossie Davis láti Amẹ́ríkà sì ni olùdarí. Ẹni tó ṣe orin rẹ̀ ni Chris McGregor, ọmọ ilẹ̀ South Africa tó ti fi ìlú rẹ̀ sílẹ̀ nítorí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Èrò ọkàn ọmọ Yorùbá, olùdarí láti Amẹ́ríkà, orin láti ọwọ́ ẹni tó sá kúrò ní ìlú rẹ̀: ìyẹn nìkan tó ohun tí ènìyàn lè jókòó gbọ́ ní ìrọ̀lẹ́.

Ní ti àwọn tó dàgbà sí ìgbà fídíò, Ṣaworoidẹ ni ìdáhùn wọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló kọ ọ́, Túndé Kèlání sì gbé e jáde ní ọdún 1999. Orúkọ ìlù ni orúkọ fíìmù náà, ìlù tí a so ṣaworo idẹ mọ́. Ọba Jogbo tí kò bá ṣe ìbúra, tó sì dé adé, bí wọ́n bá lu ìlù náà, ikú ló máa bá a. Níbí ni ohun tó ya orin fíìmù Yorùbá sọ́tọ̀ ti hàn kedere. Nínú fíìmù ilẹ̀ òkèèrè, orin máa ń sọ bí ọkàn ṣe rí. Nínú fíìmù tiwa, ìlù lè sọ ọ̀rọ̀ gan-an.

Bí ó ṣe ń ṣe é nìyí. Èdè Yorùbá ní ohùn mẹ́ta: ti òkè, ti àárín àti ti ìsàlẹ̀. Onídùndún tó ń fún ọṣán ìyáàlù pọ̀, tó sì ń dẹ̀ ẹ́, ohùn mẹ́ta yìí ló ń mú jáde. Ṣùgbọ́n ìlù kò lè pe kọ́ńsónáǹtì. Ohùn tó bá sọ ọ̀rọ̀ kan lè sọ ogún mìíràn. Ìdí nìyí tí onílù fi máa ń lo òwe àti oríkì gígùn tí etí ti mọ̀, kí ìtumọ̀ má baà ṣì. Nítorí náà, bí ìlù bá dún lábẹ́ ọ̀rọ̀ òṣèré kan, ẹni tó gbọ́ ìlù yóò mọ̀ bóyá ìyìn ni tàbí ìbú. Ẹni tí kò gbọ́ yóò kàn mi orí ni. Òǹwòran méjì jókòó lórí àga kan, ìtàn méjì ni wọ́n ń wò.

Gbogbo ayé ti ń kọ́ ọgbọ́n yìí lọ́dọ̀ àwọn adúláwọ̀. Nígbà tí Ludwig Göransson, ọmọ Sweden, fẹ́ ṣe orin fíìmù Black Panther ti ọdún 2018, ó lọ sí Senegal, ó bá Baaba Maal rìn, ó sì gba ohùn tama sílẹ̀, èyí tí í ṣe ìbátan gángan wa. Massamba Diop ló lù ú, orúkọ ọba inú ìtàn náà ni ìlù sì ń pè. Ní ọdún 2019, orin náà gba ẹ̀bùn Oscar. Ṣáájú ìgbà náà pẹ́, Babátúndé Ọlátúnjí, ọmọ Àjídò nítòsí Badagry, ti gbé ìlù wa dé Amẹ́ríkà, ó sì ti ta àtaré rẹ̀ fún wọn pẹ̀lú àwo Drums of Passion.

Àwọn ọ̀dọ́ ọjọ́ òní ní tiwọn. Orin Kent Edunjobi nínú Aníkúlápó, fíìmù Kúnlé Afọláyan ti ọdún 2022, wà lórí fóònù ọ̀pọ̀ wọn. Àwọn mìíràn padà sẹ́yìn sí iṣẹ́ Kulanen Ikyo nínú October 1 ti ọdún 2014. Ó yẹ kí a kíyè sí ohun kan nínú ìdáhùn wọn: wọ́n mọ orúkọ ẹni tó ṣe orin. Àwọn tó ṣáájú wọn kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀, nítorí pé ní ìgbà tí fídíò gbòde, ẹnì kan pẹ̀lú dùùrù oníná kan ló sábà máa ń ṣe gbogbo orin, orúkọ rẹ̀ sì lè máà hàn rárá, tàbí kí ó kọjá lójú àwòrán bí ẹni tí a ń lé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan gbogbo wa nìyí. Fíìmù tó sọnù gbé orin rẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ fíìmù tí wọ́n yà sórí fọ́nrán ní ọdún 1970 sí 1989 ló ṣòro láti rí lónìí, káṣẹ́ẹ̀tì fídíò sì ń bàjẹ́ nínú ooru àti ọ̀rinrin. Bí olórin kan bá kọ orin sínú fíìmù, tí kò sí orúkọ rẹ̀ níbẹ̀, tí kò sí ìwé àdéhùn, kí ni ọmọ rẹ̀ yóò fi hàn ní ọjọ́ iwájú? Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ ti Nàìjíríà, èyí tí wọ́n ń pè ní ti ọdún 2022 tí ààrẹ sì fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 2023, dáàbò bo orin lọ́tọ̀ àti fíìmù lọ́tọ̀. Ẹ̀tọ́ orí orin wà títí di àádọ́rin ọdún lẹ́yìn tí ẹni tó ṣe é bá kú. Èyí túmọ̀ sí pé ọmọ àti ọmọ-ọmọ ni ìwé àdéhùn olórin ń ṣọ́. Ṣùgbọ́n òfin kò lè dáàbò bo ẹni tí a kò mọ orúkọ rẹ̀.

Ìdí nìyí tí ìbéèrè kékeré yẹn, "Kí ni ẹ ń gbọ́ lọ́wọ́?", kì í fi í ṣe ọ̀rọ̀ aláìníṣẹ́. Ẹni tó bi í ń tọ́jú ìwé ìrántí tí ìjọba kò tọ́jú. Bí bọ̀dá kan bá sọ fún àbúrò rẹ̀ pé, "Lọ wá orin Jáiyésinmi gbọ́," tí àbúrò náà sì dáhùn pé, "Ẹ ṣeun, bọ̀dá, ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ ti Aníkúlápó," orin méjì ti gba ẹ̀mí gígùn lọ́wọ́ wọn.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa náà lè ṣe ipa tiyín. Bí ẹ bá ní àwo orin àtijọ́ nílé, ẹ má ṣe tẹ́ ẹ lélẹ̀ ní oòrùn, ẹ gbé e dúró lórí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nínú páálí gbígbẹ. Bí ẹ bá ní káṣẹ́ẹ̀tì tó ní orin fíìmù, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n gbé e sórí kọ̀ǹpútà kí ó tó bàjẹ́. Kí ẹ sì kọ orúkọ olórin, onílù àti ọdún sára rẹ̀, bí ẹ bá mọ̀ wọ́n. Ní ọjọ́ tí ẹ bá tún wo fíìmù, ẹ fara balẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tó bá parí. Ẹ jẹ́ kí orúkọ náà gòkè tán kí ẹ tó wá bàtà yín.