Omi táńkì ẹja yín: ẹ̀ẹ̀mélòó ló yẹ kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ ẹ̀?

Táńkì ẹja onígíláàsì ti wà ní pálọ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn báyìí. Àwọn kan a gbin ewéko sínú ẹ̀ kó lè dà bí odò gidi, ó sì máa ń rẹwà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ tí ẹja á fi bẹ̀rẹ̀ sí í kú lọ́kọ̀ọ̀kan, onílé á sì ní ẹja aláìsàn ni wọ́n tà fóun. Bẹ́ẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà, omi ni. Àwọn kan kì í pààrọ̀ ẹ̀ rárá nítorí pé ó mọ́ lójú wọn. Àwọn mìíràn a da gbogbo ẹ̀ nù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, wọ́n á fi ọṣẹ fọ gíláàsì bí ẹni ń fọ abọ́. Àtẹni tí kì í pààrọ̀, àtẹni tó ń dà á nù tán, ẹja wọn ni wọ́n ń pa.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú omi náà. Láti ara ẹja fúnra ẹ̀, láti ara ìgbẹ́ ẹ̀ àti oúnjẹ tó bá ṣẹ́ kù, ni èròjà kan tí wọ́n ń pè ní amóníà ti ń jáde. Májèlé ni fún ẹja. Àwọn kòkòrò tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí, tí wọ́n ń gbé nínú yẹ̀pẹ̀ ìsàlẹ̀ táńkì àti nínú fóòmù ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi, ló ń sọ ọ́ di náítráìtì, tí òun náà ṣì jẹ́ májèlé, kí wọ́n tó wá sọ ọ́ di náítréètì, èyí tí oró ẹ̀ kò tó ti àwọn tó ṣáájú. Náítréètì yìí ló ń pọ̀ díẹ̀díẹ̀ nínú omi. Kò lóòórùn, kò láwọ̀, ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi lè wo omi lójú lásán kẹ́ ẹ ní ó dáa.

Ibi tí ewéko ti wúlò gan-an nìyẹn, torí ó ń fa amóníà àti náítréètì mu bí àgbàdo ṣe ń jẹ ajílẹ̀. Táńkì tí ewéko pọ̀ nínú ẹ̀, tí ẹja ò sì pọ̀, omi ẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ewé tó ti ń jẹrà kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ńṣe ló ń dá kún ìdọ̀tí. Ẹ máa gé e kúrò.

Ó dáa, ẹ̀ẹ̀mélòó wá ni? Táńkì tuntun tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ 6, ẹ pààrọ̀ ìdámẹ́rin omi ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, nítorí àwọn kòkòrò tá a sọ yẹn ò tíì pọ̀ tó. Ẹja díẹ̀ náà sì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kó síbẹ̀. Tó bá ti fìdí múlẹ̀, tí ewéko ń hù dáadáa, ìdámẹ́rin lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ kan tàbí méjì ti tó. Bí ẹja bá kún ibẹ̀ fọ́fọ́, ẹ má jẹ́ kó kọjá ọ̀sẹ̀ kan. Bí táńkì yín bá gba kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 mẹ́rin, kẹ́ẹ̀gì kan lẹ máa fà jáde, kẹ́ẹ̀gì kan lẹ máa dá padà.

Ìyàtọ̀ wà láàárín pípààrọ̀ àti bíbù kún o. Lásìkò ọyẹ́, omi táńkì máa ń fà, àwọn èèyàn á sì kàn máa bu omi sí i. Omi nìkan ló ń gbẹ lọ, ìdọ̀tí àti iyọ̀ inú ẹ̀ ń dúró. Ẹni tó ń bù kún un láì da nǹkan kan nù, ńṣe ni omi ẹ̀ ń ki sí i bí ọbẹ̀ tí wọ́n gbàgbé sórí iná.

Omi ẹ̀rọ ìjọba máa ń ní kiloríìnì nínú, èyí tó ń pa kòkòrò ká tó mu ún. Yóò pa àwọn kòkòrò tó ń tún táńkì yín ṣe pẹ̀lú, yóò sì pa ẹja lára. Ẹ pọn ọ́n sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì láti ọjọ́ kan ṣáájú, kí kiloríìnì ẹ̀ fẹ́ lọ. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì bò ó nítorí ẹ̀fọn, kẹ́ ẹ sì gbé e síbi tí ọmọ kékeré ò ti ní dé ibẹ̀, torí ọmọ tó ń rá lè kú sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi. Omi kànga ẹ̀rọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde sábà máa ń ṣaláìní afẹ́fẹ́ tó. Ẹ jẹ́ kó dúró mọ́jú, kẹ́ ẹ máa fi ife bù ú, kẹ́ ẹ máa dà á padà sínú ẹ̀. Bó bá pọ́n bí ìpẹtà, ẹ jẹ́ kó silẹ̀, òkè ẹ̀ nìkan ni kẹ́ ẹ lò.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe é, ẹ yọ gbogbo wáyà kúrò lára iná kí ọwọ́ yín tó kan omi. Rọ́bà lẹ máa fi fà á láti ìsàlẹ̀, níbi tí ìgbẹ́ kó jọ sí. Ẹ má fi ẹnu fà á o! Ẹ rọ omi kún rọ́bà náà kẹ́ ẹ tó tì í bọ̀ ọ́. Fóòmù ẹ̀rọ, inú omi tẹ́ ẹ fà jáde yẹn ni kẹ́ ẹ ti ṣàn án, kì í ṣe omi ẹ̀rọ, ọṣẹ ò sì gbọ́dọ̀ kàn án. Bí ọgbẹ́ bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, nítorí kòkòrò kan wà nínú omi ẹja tó lè fa egbò tí kì í tètè san. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn náà.

Lóru, ewéko náà ń mí, afẹ́fẹ́ inú omi kan náà lòun àti ẹja jọ ń lò. Bí wọ́n bá mú iná lọ mọ́jú, tẹ́ ẹ wá rí i láàárọ̀ pé ẹja ń gbé ẹnu sókè omi, ẹ má dúró de ọjọ́ tẹ́ ẹ máa ń pààrọ̀ ẹ̀. Ẹ fa ìdámẹ́rin kúrò lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ rọra da omi tó ti dúró sí i.

Omi tẹ́ ẹ fà jáde, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti ewúro ẹ̀yìnkùlé máa jẹ ẹ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n ewéko tó bá pọ̀ jù, ìbáà ṣe ojú oró, ẹ má dà á sí gọ́tà tàbí odò. Ewéko olódòdó aláwọ̀ àlùkò tó ń bo ọ̀sà Èkó, tó ń dínà mọ́ ọkọ̀ àwọn apẹja, ilẹ̀ Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá, ọdún 1984 ni wọ́n sì rí i lódò Badagry. Ẹ sá ewéko tiyín sóòrùn kó gbẹ, kẹ́ ẹ wá bò ó mọ́ ìdí ewúro yẹn.