ADÌẸ TÍ KÒ YÉ DÉÉDÉÉ

Bí adìẹ bá dáwọ́ ẹyin dúró, ará ilé kejì ni àwọn mìíràn máa ń fura sí. Bẹ́ẹ̀ Súratul Hujuraati ti kìlọ̀ fún wa lórí àbá dídá. Igbá omi ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò: omi ló pọ̀ jù nínú ẹyin.

Àgbàdo nìkan kò tó o. Ẹ fi èérí, ikán àti ewé ànàmọ́ tó kún Ọ̀fà wa yìí kún un. Ẹ lọ ìkarahun ìgbín fún un, kí èèpo ẹyin lè le.

Bí adìẹ ìbílẹ̀ bá yé bíi mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, yóò sàba fún ọjọ́ 21, yóò sì tún tọ́ ọmọ fún bí oṣù méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí kì í ṣe àìsàn. Ẹni tó bá fẹ́ ẹyin jíjẹ, kí ó máa kó o lójoojúmọ́, kí ó fi èédú sàmì sí ẹyọ kan, kí ó fi í sílẹ̀ nínú ìtẹ́. Kò ní tètè sàba.

Ẹni tó há tirẹ̀ mọ́lé láìsí oúnjẹ, kí ó rántí obìnrin tó so ológbò nínú hadiisi. Kí ọyẹ́ tó dé, ẹ bá dókítà ẹran gba oògùn àjẹsára.