Owó Ìfihàn Kì í Ṣe Owó Oúnjẹ

Àkókò kan a máa dé tí ayọ̀ àti àníyàn ń jọ wọ ilé kan náà. Ọmọ ti parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ó ti sin ilẹ̀ baba rẹ̀ fún ọdún kan gẹ́gẹ́ bí òfin tí a gbé kalẹ̀ ní ọdún 1973. Ó sì wá bá àwọn òbí rẹ̀ pé òun ń fẹ́ kọjá sí òkè òkun láti fi ẹ̀kọ́ kún ẹ̀kọ́. Inú ilé a dùn, nítorí kò sí òbí rere tí kò fẹ́ kí ọmọ òun ga ju òun lọ. Ṣùgbọ́n a ti kíyèsí i pé ọ̀pọ̀ ilé a máa fi oṣù mẹ́ta ra àpótí àti aṣọ òtútù, wọn a sì fi ìrọ̀lẹ́ kan ṣoṣo ṣírò owó. Ọ̀rọ̀ ìṣirò yìí ni a fẹ́ bá yín sọ.

Ìrìnàjò náà kì í ṣe tuntun láàárín wa. Ní ọdún 1855, a yan ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta láti Sàró, kí wọ́n lọ kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní King's College, Lọ́ndọ̀nù: James Africanus Horton, tí òbí rẹ̀ jẹ́ Ìgbò, William Broughton Davies, tí òbí rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, àti Samuel Campbell. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni ó gbọ́ bùkátà wọn. Síbẹ̀ àìsàn kọlu Campbell, ó padà sí Sàró, ó sì kú. Àwọn méjì yòókù parí ẹ̀kọ́ wọn, wọ́n sì di dókítà nínú ẹgbẹ́ ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì. Bí ọ̀nà náà bá le tó báyìí fún ẹni tí ìjọba ń bọ́, báwo ni yóò ti rí fún ẹni tí kò ní olùrànlọ́wọ́?

Ọgbẹ́ni Ladipo Solanke, ọmọ Abẹ́òkúta, dé Lọ́ndọ̀nù ní ọdún 1922 láti kọ́ ìmọ̀ òfin. Ó tọ́ ìṣẹ́ wò níbẹ̀, ó sì rí bí àwọn onílé ti ń sé ilẹ̀kùn mọ́ ènìyàn dúdú. Òun àti Dókítà Bankole-Bright pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn dá ẹgbẹ́ WASU sílẹ̀ ní ọdún 1925, ẹgbẹ́ náà sì ṣí ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa lè wọ̀ sí ní ọdún 1933. Ọgbẹ́ni Obafemi Awolowo ní tirẹ̀ kò kánjú. Ó jókòó nílé ka ìwé títí ó fi gba oyè B.Com. ti Yunifásítì Lọ́ndọ̀nù, kí ó tó lọ ní ọdún 1944. Ìyàwó rẹ̀, Hannah Dideolu, dúró ti ilé àti àwọn ọmọ. Ní ọdún 1946 ó ti di lọ́yà, ó sì padà wálé.

Nísinsìnyí, ìrìnàjò orí omi tí ó ń gba nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ti di ti wákàtí díẹ̀ nínú ọkọ̀ òfurufú, ṣùgbọ́n ìwé tí a ń béèrè ti pọ̀ sí i. Kí ọmọ tètè béèrè àkọsílẹ̀ máàkì rẹ̀ lọ́wọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì, nítorí a máa pẹ́. Kí ó sì gba lẹ́tà lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ rẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì rántí ojú rẹ̀. Ẹni tí ó ń ti Nàìjíríà lọ sí ìlú Gẹ̀ẹ́sì fún ohun tí ó ju oṣù mẹ́fà lọ yóò ṣe àyẹ̀wò ikọ́ ife ní ilé ìwòsàn tí ìjọba ọ̀hún fọwọ́ sí. Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024 ni a kò sì ti gba ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ láàyè mọ́ láti mú aya tàbí ọkọ àti ọmọ dání.

Ṣùgbọ́n owó ni ọ̀rọ̀ gan-an. Òfin ìlú Gẹ̀ẹ́sì ni pé kí owó ilé-ẹ̀kọ́ tí ó kù láti san, àti owó oúnjẹ tí ó lè tó ti oṣù mẹ́sàn-án, wà ní báńkì fún ọjọ́ 28 gbáko kí ọmọ tó béèrè físà. A ṣe òfin náà kí ebi má baà pa àlejò. Ṣùgbọ́n kí ni àwọn kan nínú wa ń ṣe? Wọ́n ń yá owó lọ́wọ́ olówó èlé, wọ́n á kó o sí báńkì títí ọjọ́ 28 yóò fi pé, wọ́n á gba físà, wọ́n á sì dá owó padà pẹ̀lú èlé. Ìwé báńkì wí pé ọmọ ní owó. Àpò rẹ̀ wí pé kò ní. Ó gúnlẹ̀ sí ìlú onílùú, ó sì gbẹ́kẹ̀ lé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni òfin kò sì jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ oyè ṣiṣẹ́ ju wákàtí 20 lọ ní ọ̀sẹ̀ nígbà tí ẹ̀kọ́ bá ń lọ lọ́wọ́.

Ẹni tí ó tilẹ̀ ní owó kò bọ́ lọ́wọ́ ewu. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò tó náírà 500 ní báńkì. Nígbà tí oṣù kejì ọdún 2024 ń parí lọ, ó ti kọjá náírà 1,400. Owó tí baba kan ti kà sí owó ọdún kan kò tó ti oṣù márùn-ún mọ́. Ní ọdún 2024 kan náà, ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì yọ àwọn ọmọ Nàìjíríà kan nítorí gbèsè, a sì ní kí wọ́n máa padà sílé.

Ìmọ̀ràn wa nìyí. Kí baba, ìyá àti ọmọ jókòó pọ̀, kí wọ́n mú ìwé àti pẹ́ńsù, kí wọ́n sì ya owó sí ọ̀nà mẹ́ta: èyí tí ó jẹ́ tiwa, èyí tí a yá, àti èyí tí a ń retí. Èyí tí ó jẹ́ tiwa nìkan ni kí a kà sí oúnjẹ àti owó ilé-ẹ̀kọ́. Bí kò bá tó, kí ọmọ dúró, kí ó ṣiṣẹ́, kí ó sì wá ẹ̀bùn ẹ̀kọ́. Ẹ̀bùn Chevening ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tilẹ̀ ń béèrè pé kí ènìyàn ti ṣiṣẹ́ tó bí ọdún méjì kí ó tó tọrọ rẹ̀. Nítorí náà, ìdúró kì í ṣe òfò. Kí ẹnikẹ́ni má ta ilé tí ìyá àgbà ń sùn sí, kí a má sì fi owó ilé-ẹ̀kọ́ àbúrò ṣe owó ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n.

A mọ ohun tí ń lé wa sáré. Ojú àdúgbò ni: ọmọ Lágbájá ti lọ, tiwa ńkọ́? Ṣùgbọ́n bí gbèsè bá dé, àdúgbò kì í bá ni san án.

Àti ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má fi òtítọ́ pamọ́ fún àwọn òbí yín. Ẹ sọ iye tí ẹ̀kọ́ náà yóò ná wọn ní tòótọ́ kí ẹ tó lọ. Nígbà tí ẹ bá sì dé ọ̀hún, bí ó bá le, ẹ wí pé ó le, kí ẹ sì wá àwọn ará ilé yín rí gẹ́gẹ́ bí àwọn ti WASU ti ṣe. Ẹni tí ó dúró ọdún kan, tí ó sì lọ pẹ̀lú owó ara rẹ̀, kò pẹ́. Ẹni tí ó sáré lọ tí a sì dá padà ni ó pẹ́. Kí Ọlọ́run ṣọ́ àwọn ọmọ wa ní àlọ àti ní àbọ̀.